Bàbá Ẹ̀rọ Tí Ẹnìkan Ò Rí Rí

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé kọjá, tó gun àtẹ̀gùn lọ sókè rẹ̀, yóò bá ilẹ̀kùn onírin kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Inú ibẹ̀ ni obìnrin kan ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Kì í ránṣọ o. Bí o bá ní kó bá ọ rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù, ó lè fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣùgbọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn wá fún un, èyí tó ń já òwú, tó ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, kò ní pẹ́ tí ẹ̀rọ náà yóò fi máa kọrin. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ni. Bàbá náà kò bí ju òun nìkan lọ, gbogbo ohun tó sì mọ̀ ló ti kọ́ ọ kó tó kú, láti ìgbà tí orí ọmọ náà kò tíì ga tó tábìlì.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà kì í gbà pé òun ni.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mẹkáníìkì ńkọ́?”

“Èmi ni.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ àwàdà, wọ́n á sì máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ọkùnrin kan sá pamọ́ sábẹ́ tábìlì. Télọ̀ kan wà tó jókòó láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn tàrí, ó ní òun ò kánjú, òun á dúró de Bàbá. Bàbá tó ń dúró dè ti kú láti ọdún mẹ́rin.

Èyí tó le jù nínú wọn ni àbúrò ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀dá Télọ̀. Òpópónà kejì ni ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ wà. Ojoojúmọ́ ló ń yà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń ráhùn pé ẹ̀rọ òun ń já òwú, kò sì jẹ́ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ kàn án rí. “Iṣẹ́ ọkùnrin ni, ọmọ mi. Ẹ̀rọ ò fẹ́ ọwọ́ rírọ̀.” Ọwọ́ tó ń bú yìí kò rọ̀ rárá. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló jogún: àtẹ́lẹwọ́ gbàǹgbà, àtàǹpàkò kúkúrú tó ki, òróró ẹ̀rọ sì ti fi inú èékánná rẹ̀ ṣelé débi pé ọṣẹ ò lè lé e.

Ìbínú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orí ayélujára. Ìyá kan gbé ẹ̀rọ wá pẹ̀lú omijé. Mẹkáníìkì mẹ́ta ti tú u, olúkúlùkù ló sì tún bà á jẹ́ ju bó ṣe bá a lọ. Nígbà tó wò ó, irin kékeré tó ń gbé bọ́bìnì tí wọ́n ká òwú sí ló yẹ̀ kúrò láyè, kò ju ìwọ̀n irun orí lọ. Inú bí i. Ó ní, “Ohun tí èèyàn lè fi sukudiráfà kan tún ṣe nílé ara rẹ̀!” Ó gbé fóònù rẹ̀ ti agolo òróró lójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì ń ya bó ṣe ń ṣe é. Orí ẹ̀rọ náà àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láti ọrùn ọwọ́ nìkan ló wọ inú àwòrán. Kò lè sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìsàlẹ̀ ń dún gbì, gbì, gbì. Ó bá kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀, gbólóhùn kúkúrú kúkúrú, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ó sọ ojú ewé náà ní Ẹ̀rọ Ń Sọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n ní kó fi àwòrán ara rẹ̀ sí, ó fi àwòrán ìdè irin kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fi sukudiráfà tú, sí i.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n wò ó, ìyá rẹ̀ ló sì ni mẹ́rin nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ni ẹnìkan láti ìlú tí kò mọ̀ kọ̀wé pé: “Bàbá, ẹ ṣeun o. Ẹ̀rọ ìyá mi tó ti dákẹ́ láti ọdún mẹ́ta ti ń ṣiṣẹ́. Màmá ń jó níwájú ẹ̀.”

Ó ka ibi tí wọ́n kọ “Bàbá” sí, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí orí rẹ̀ fi kan tábìlì. Ó kọ ọ́ pé, “Èmi kì í ṣe Bàbá.” Ó tún pa á rẹ́. Ó wá kọ ọ́ pé, “Ẹ bá mi kí Màmá.”

Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. “Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi. Ta ni yóò gba ẹni tí ò lójú gbọ́?”

“Màámi, ojú yìí náà ni wọ́n ń wò nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò fi gbà mí gbọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí ọwọ́ ná.”

Ni wọ́n bá ń rí ọwọ́. Kò sí ọgbọ́n ńlá kankan tó dá. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ló ń dá lóhùn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, á kọ ọ́ pé, “Mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó,” lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta á sì padà wá pẹ̀lú èsì. Bí ẹ̀rọ bá ti kú, á ní ó ti kú, kò ní máa tan olówó ẹ̀. Oníṣòwò kan fi páálí abẹ́rẹ́ ránṣẹ́ sí àpótí ìwé tó ń lò ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ní kí Bàbá bá òun yìn ín fún aráyé. Ó fi wọ́n dán aṣọ tó nípọn wò lórí ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ kẹrin kán sí méjì, ó sì kọ̀wé sí ọkùnrin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òun ti dá páálí rẹ̀ padà. Kò bú u ní gbangba. Ṣùgbọ́n kò yìn ín.

Nígbà tó fi di ọdún kejì, àwọn tó ń tẹ̀ lé Ẹ̀rọ Ń Sọ̀rọ̀ ti pọ̀ ju gbogbo ará ìlú tó ń gbé lọ. Ó máa ń dúró lójú fèrèsé nígbà mìíràn, á máa ka àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀. Bó bá ka ọgọ́rùn-ún, ojú á ti rẹ̀ ẹ́, á sì bi ara rẹ̀ pé báwo ni òun ṣe bá gbogbo ọ̀pọ̀ èèyàn yìí sọ̀rọ̀ láìsí pé ẹnu òun là.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà àti ìyá rẹ̀ wà nílé nígbà tí Bọ̀dá Télọ̀ já wọlé, fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tó rí ìṣúra.

“Wá wo ọkùnrin yìí! Èyí ni mò ń pè ní mẹkáníìkì. Wo ọwọ́ àgbà! Wo bó ṣe di sukudiráfà mú bí ẹni di ọmọ ọwọ́ mú. Irú àwọn báyìí ló yẹ kó o lọ bá kọ́ṣẹ́.”

Obìnrin náà rọra kó ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. “Ta ni wọ́n, Bọ̀dá?”

“Ta ló mọ̀ wọ́n? Wọ́n ní inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo kọ̀wé sí wọn lánàá lórí ẹ̀rọ mi tó ń já òwú. Wọ́n dá mi lóhùn! Mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ kọjú síbi tí wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí, òwú ò já mọ́ títí di báyìí. Àní, ‘Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n,’ ni wọ́n fi kí mi. Èmi! Àgbà tó tó báyẹn, tó tún ń pe èèyàn ní ẹ̀gbọ́n!”

Ìyá obìnrin náà sáré wọ yàrá lọ. Ó ní òun gbàgbé nǹkan kan sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbọ́ tó ń wúkọ́ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ọdún kẹta ni ẹsẹ̀ yọ̀. Ó ṣe fídíò kan lórí bí a ṣe ń so bẹ́líìtì mọ́ mọ́tò kékeré tó ń fi iná gbé ẹ̀rọ. Ó ní kí wọ́n fà á le dáadáa, kí ìka má lè tẹ̀ ẹ́ wọlé rárá. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n mọ́tò ayé bàbá rẹ̀, irin gidi ni. Tòde òní fẹ́lẹ́, kò lè gba ìnira bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ aṣọ ní ìlú mìíràn kọ̀wé sí i. “Bàbá, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mọ́tò náà gbóná, ó rú èéfín, ó sì kú. Ẹyọ kan náà ni mo ní. Bóyá èmi ni mi ò ṣe é dáadáa.”

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló gún un lọ́kàn. Olùkọ́ náà ti fúnra rẹ̀ gba ẹ̀bi. Bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ó wo fóònù náà, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó tún gbé e. Nígbà tó ṣe, ó lọ tú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó rí mọ́tò tó jọ tobìnrin yẹn, ó so bẹ́líìtì mọ́ ọn gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ́ aráyé, ó tan fóònù, ó sì tẹ iná sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló gbà. Èéfín kọ́kọ́ yọ tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ó dì, mọ́tò náà ké, ó sì dákẹ́. Ó ya gbogbo rẹ̀, kò gé nǹkan kan kúrò. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé:

“Èmi ni mo ṣì í. Ẹ má ṣe bí mo ṣe wí tẹ́lẹ̀. Ẹ fà á níwọ̀nba, kí ìka lè tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá jó nítorí ọ̀rọ̀ mi, kó kọ̀wé sí mi.”

Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó ń dúró de èébú. Èébú dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Ẹni mẹ́ta ló kọ̀wé pé mọ́tò àwọn jó, ó sì fi mọ́tò kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn, láìkọ orúkọ sára ẹrù. Ohun tó wá tẹ̀ lé e ni kò rò tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn wá wo bàbá àgbà tó dáná sun ohun ìní ara rẹ̀ kí tàwọn má bàa jó. Kí oṣù náà tó parí, iye àwọn tó ń tẹ̀ lé e ti di ìlọ́po méjì. Bọ̀dá Télọ̀ gbé fídíò náà kiri òpópónà. “Ẹ rí àgbà? Ta ló tún ń jẹ́wọ́ lóde òní?”

Ẹ̀rù ba ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju bí èébú ṣe lè bà á lẹ́rù lọ. Ó ti rò pé ìgbẹ́kẹ̀lé dà bí ife gíláàsì, tó bá bọ́ ó parí. Kò mọ̀ pé èèyàn lè tú u bí ẹ̀rọ, kó fi ibi tó bàjẹ́ hàn, kó sì tún un dè.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, olùkọ́ tí mọ́tò rẹ̀ jó yẹn tún kọ̀wé. Ó ní omi ti wọ inú ilé ìkẹ́rùsí àwọn nígbà kan, ó bo ẹ̀rọ mẹ́rìndínlógójì mọ́lẹ̀, àwọn aláṣẹ sì ní kí wọ́n kó wọn dànù. “A ò kó wọn dànù, Bàbá. Fídíò yín la fi tún wọn ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ẹ dákun, ẹ wá fojú ara yín rí i.”

Lọ́jọ́ kẹta ó kọ ọ́ pé: “Ara mi ò gbé ìrìn. Màá rán obìnrin kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sí yín. Ẹ fi gbogbo ẹ̀ hàn án.”

Ló bá kó irinṣẹ́ àti ẹ̀yà ẹ̀rọ díẹ̀ sínú báàgì, ó wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀ kùtù, ó sì rán ara rẹ̀ níṣẹ́.

Olùkọ́ náà pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì: obìnrin gíga, tó dàgbà jù ú lọ dáadáa, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, awò ojú so rọ̀ láyà. “Ìwọ ni Bàbá rán?”

“Èmi ni, mà.”

“Ṣé ara wọn le?”

“Ara wọn le, mà. Ẹ̀yìn ló kàn ń dùn wọ́n díẹ̀.” Kò sì purọ́. Ìjókòó bọ́ọ̀sì ti fọ́ ọ lẹ́yìn.

Wọn ò tíì dé ẹnu ilẹ̀kùn tó fi dúró sójú kan. Ìró ẹ̀rọ ló gbọ́, gbogbo wọn papọ̀, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Etí mẹkáníìkì kì í sinmi. Ó dúró níbẹ̀, ó ń yẹ ìró náà wò láàárín ara wọn, ó ń wá èyí tó ń ké, èyí tó ń wúkọ́, èyí tí òróró ti tán lára rẹ̀. Kò rí ọ̀kankan. Ẹ̀rọ mẹ́rìndínlógójì tí omi ti bò rí, kò sí èyí tó ń ṣàìsàn.

“Kí ló dé?” Olùkọ́ bi í.

“Kò sí nǹkan, mà. Mò ń gbọ́ wọn ni.”

Gbọ̀ngàn ńlá ni. Ipa omi ṣì wà lára ògiri, ó ga dé àyà èèyàn. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n to ẹ̀rọ sí, obìnrin ló pọ̀ jù nídìí wọn, ọkùnrin bíi mélòó kan sì wà. Agogo ìsinmi dún, wọ́n dìde, wọ́n nara, wọ́n mu omi. Nígbà tí wọ́n padà jókòó, olúkúlùkù fi oríkèé ìka kan ara ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó, ó dẹ etí sí i, kó tó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn.

Obìnrin náà sún mọ́ tábìlì tó wà nítòsí.

“Kí ló dé tí ẹ fi ń kàn án?” ló bi ọ̀dọ́bìnrin tó sún mọ́ ọn jù.

“Bàbá máa ń kàn án. Wọn ò sọ fún wa o. A rí i lọ́wọ́ wọn ni. Tí nǹkan bá tú nínú ẹ̀, ó máa ń dún.”

Kò kọ ọ́ síbì kankan rí. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Bàbá rẹ̀ ló máa ń kan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó tú u, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àgbà. Ọkùnrin tó ti kú láti ọdún méje, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ ìlú yìí rí, ló ń kan ilẹ̀kùn ní ibi mẹ́rìndínlógójì lẹ́ẹ̀kan náà. Omi lé sí i lójú. Kò lè nu ojú, kí wọ́n má bàa bi í pé kí ló dé.

Ìyá arúgbó kan ló yọ ọ́ nínú ìrònú. Ìlà iwájú ló jókòó sí. Lẹ́yìn tó pé àádọ́rin ọdún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di sukudiráfà mú láyé rẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n ní o ń bá Bàbá ṣiṣẹ́. Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí irin ti ń ha òwú?”

“Mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa, mà.”

“Ẹ wò ó! Kí lo wá ń ṣe lọ́dọ̀ wọn? Jókòó.”

Ó jókòó. Ìyá náà ń kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ tí òun alára kọ sílẹ̀, gbólóhùn sí gbólóhùn, títí kan ibi tó ti ní “ẹ má kánjú, ẹ̀rọ kì í sá lọ.” Nígbà tó kan ibi tó yẹ kí wọ́n fi ìka tọ́ irin náà wò, ìyá náà mi orí. “Ìka tèmi ti yigbì, kì í mọ nǹkan mọ́. Wo èyí.” Ó fa òwú tí wọ́n fi ń nu egbò díẹ̀ jáde láti àpò, ó rọra fà á gba ara irin. Fọ́nrán òwú kan há síbì kan. “Òun nìyẹn! Ibẹ̀ ló rí gbágungbàgun. Bàbá ò mọ èyí o.”

Ẹnu yà á. Láti kékeré ló ti ń fi awò àti orí ìka wá irú ibi bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn fún wákàtí kan gbáko. Ó gbàgbé pé ìránṣẹ́ lòun. Ó gba òwú náà, ó na ọwọ́ méjèèjì sínú ẹ̀rọ, ó fà á lápá òsì, ó fà á lápá ọ̀tún, ó tú ìdè, ó yí irin padà, ó tún fà á. “Màmá, ẹ wò ó! Ó tún mú ìkejì!”

Nígbà tó gbójú sókè, olùkọ́ ti gbé awò sójú. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò: àtẹ́lẹwọ́ gbàǹgbà yẹn, àtàǹpàkò kúkúrú yẹn. Ó rọra bọ́ awò, ó nù ún, ó sì lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn.

Ìyá arúgbó fà á létí aṣọ kó tó dìde. “Tó o bá ṣàlàyé ẹ̀ fún Bàbá, má dárúkọ mi o. Àwọn ọmọ mi rò pé inú ọgbà ni mo máa ń jókòó sí láàárọ̀.”

Olùkọ́ sìn ín dé géètì nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń pè é ní “ìwọ”, bó ṣe yẹ kí àgbà pe ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Nígbà tí bọ́ọ̀sì yọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ wá, mà. Ẹ rìn dáadáa.”

Obìnrin náà wò ó. “Màmá, èmi ni ẹ ń fi ‘ẹ’ bá sọ̀rọ̀?”

“Bàbá ni mò ń kí. Ẹ bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ohun tí ojú mi rí lónìí, inú mi ló máa gbé. Ẹ má mikàn.”

Obìnrin náà tẹ orí ba, ó sì wọ ọkọ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì náà, kò sùn. Ojú rẹ̀ wà lára aṣọ àwọn tó jókòó yí i ká: ẹ̀yìn ẹ̀wù awakọ̀ tí wọ́n rán ní ìlà méjì, etí ṣòkòtò ọkùnrin kan tí wọ́n ti tú tún rán, àpò kékeré lára ẹ̀wù obìnrin tó ń tòògbé. Ẹnìkan ló jókòó rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹnìkan ló tún ẹ̀rọ tó rán wọn ṣe. Àwọn tó wọ̀ ọ́ ò mọ orúkọ wọn, síbẹ̀ wọ́n gbé ara lé e, wọ́n jáde nílé láìbẹ̀rù pé yóò tú. Gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ ló wọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí wọn ò rí rí. Ó wo ọwọ́ tirẹ̀ lórí itan, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ kẹta tó délé, ó ya fídíò tuntun, ó ń fa òwú gba ara irin. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Mi ò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ìyá kan tó lọ́gbọ́n jù mí lọ ló kọ́ mi.”

Kò tó wákàtí kan tí ìbéèrè fi bò ó. Bọ̀dá Télọ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ béèrè. “Bàbá, ta ni ìyá náà? Ẹ jẹ́ ká mọ̀ ọ́n, ká lè máa kí i!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ aṣọ iṣẹ́, ó sì tẹ èsì.

“Ẹ̀gbọ́n, ó ní kí n má dárúkọ òun.”